Churrera tí a ń tì àti èyí tí a ń lọ́: èwo ló tó owó rẹ̀?

Ohun tó ń wọ inú churro, ìpanu gbọọrọ tí àwọn ará Sípéènì ń dín, kò ju mẹ́rin lọ: ìyẹ̀fun àlìkámà, omi tó ń hó, iyọ̀, àti òróró tí a ó fi dín in. Kò sí ẹyin níbẹ̀, kò sí bọ́tà, kò sí wàrà. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Àmọ́ àpòpọ̀ tó tọ́ fún churro máa ń ki, ó máa ń le, kò sì ní gba ojú ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan kọjá àfi kí nǹkan tó lágbára tì í. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nílé. Bí ohun èlò kò bá lágbára tó, ẹni tó ń ṣe é á bu omi sí i. Bí ìyẹn kò bá tó, á fọ́ ẹyin kan sí i. Àpòpọ̀ á wá rọ̀, á máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tó bá fi dín lè dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ṣe churro tí wọ́n ń jẹ ní Sípéènì mọ́. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn béèrè nípa churrera èyíkéyìí, ìyẹn ohun èlò tí a fi ń ti churro jáde, ni bóyá ó lè ti àpòpọ̀ tó le, láìsí pé a ń ba àpòpọ̀ náà jẹ́ nítorí rẹ̀.

Churrera ni orúkọ tí àwọn ará Sípéènì ń pè é. Sírínjì ńlá ló jọ: páìpù gbọọrọ kan, àwo róbótó tó ń ti ohun inú rẹ̀ síwájú, àti ẹnu onírawọ̀ tí ohun náà ń gbà jáde. Ìjọra yẹn kò pamọ́ fún àwọn onílẹ̀. Ní Córdoba, jeringos ni wọ́n ń pe churro, láti ara jeringa, ìyẹn sírínjì gan-an. Ní Málaga, tejeringos ni. Churro tí wọ́n ń gbé síwájú èèyàn ní irú ilé ṣokoléètì bíi Chocolatería San Ginés, tó ti wà ní Madrid láti 1894, ni òṣùwọ̀n tí a fi wọn gbogbo ohun èlò tó wà nísàlẹ̀ yìí: èèpo tó gbẹ tó ń dún lábẹ́ eyín, inú tó rọ̀ tó sì fúyẹ́, òróró kankan kò gbọdọ̀ máa kán lára rẹ̀.

Èyí tí a ń tì ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì pọ́ọ́kú jù. Ike ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ẹ ó kó àpòpọ̀ sínú páìpù, ẹ ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé. Ó ní ohun rere tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí: ike tó mọ́ gaara máa ń jẹ́ kí ẹ rí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín àpòpọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó fúyẹ́, ó sì yá láti tún kún. Àléébù rẹ̀ ni pé agbára apá nìkan ló ń lò. Nígbà tí páìpù bá kún, títì rẹ̀ le bí òkúta. Nígbà tó bá kù díẹ̀, á fò jáde lójijì. Èyí tó fò jáde lójijì yẹn á wú ju èyí tó jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ. Bí ẹ bá wá kó àwọn méjèèjì sínú òróró kan náà, ọ̀kan á ti pọ́n nígbà tí inú ìkejì ṣì tutù. Ìṣòro kejì ni òrùka tó di ẹnu onírawọ̀ mú. Ike tó gbóná máa ń dẹ̀, agbára títì á sì bọ́ òrùka náà kúrò nínú ìdè rẹ̀. Fún ìdí yìí, ẹ má ṣe ti churrera oníke lókè ìkòkò òróró láé. Orí tírè ni kí ẹ tì í sí.

Èyí tí a ń lọ́ ni ti onírin, alumíníọ́mù tàbí irin tí kì í dípata. Ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà bíi ti ìṣó tí a ń lọ́, ó sì ní ọwọ́ lókè. Bí ẹ ṣe ń lọ́ ọwọ́ yìí ni àwo inú rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibí ni ìyàtọ̀ wà: agbára tó ń bọ́ sórí àpòpọ̀ kì í pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kó tún dín kù ní òpin. Churro àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn á bára dọ́gba. Ẹni tí apá rẹ̀ kò lágbára náà lè lò ó, nítorí pé ìlà tó wà lára ọ̀pá ló ń sọ lílọ́ di agbára títì. Àpòpọ̀ tó le, tí churrera oníke kọ̀ láti ti, ń gba inú èyí kọjá láìjàkadì.

Kò ṣàìní ìnira tirẹ̀. Ọwọ́ kan ń di ara rẹ̀ mú, ọwọ́ kejì ń lọ́ ọ, ọwọ́ wo ló wá kù tí yóò gé churro? Ẹni tó bá dá wà gbọ́dọ̀ máa dúró lẹ́yìn gbogbo sẹ̀ǹtímítà méjìlá, kó sì fi àlùmọ́gàjí gé e. Ó sàn kí ẹ kọ́kọ́ lọ́ gbogbo rẹ̀ jáde sórí tírè tí ẹ fi òróró díẹ̀ pa, kí ẹ wá gé e lẹ́yìn náà. Irin tún máa ń mú ooru kúrò lára àpòpọ̀. Bí churrera bá tutù nígbà tí ẹ ń kún un, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù á dì, á sì le ju ti àárín lọ. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan án, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó kó nǹkan sí i. Bó bá sì ti kún, ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ wé e kó má bàa jó yín lọ́wọ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí, òun ló tó owó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa dín churro lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó ra onírin tí a ń lọ́. Ẹni tó kàn fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lè lo oníke, bó bá ti fara mọ́ ṣíṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Àpò tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń ya òdòdó kì í ṣe irin iṣẹ́ churro, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ìlànà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń dárúkọ. Àpò ọ̀rá tín-ín-rín á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti rán an. Èyí tó ki, tó jẹ́ aṣọ, lè fara dà á bí ẹ kò bá kún un ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, tí ẹnu onírawọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irin. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ máa ń há sínú rẹ̀, kò sì sí àwo tó lè fún un jáde. Ìbọn bisikíìtì tí a ń tẹ̀ bíi ti ìbọn, ẹ fi sílẹ̀: eyín inú rẹ̀ kéré, ó máa ń yọ̀ nígbà tí àpòpọ̀ bá le. Ẹ̀rọ oníná tó ní àwo méjì tó ń dé mọ́ra, tí wọ́n kọ churro sí lára páálí, ẹyin àti wàrà ni ìlànà inú rẹ̀ ń béèrè. Kéèkì gbọọrọ ló ń ṣe. Kò sí dídín nínú rẹ̀, kò sì sí churro nínú rẹ̀.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páálí, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó wo ohun mìíràn. Ìràwọ̀ náà gbọ́dọ̀ jinlẹ̀. Churro máa ń wú bó ṣe ń jáde, ó tún máa ń wú nínú òróró, nítorí náà ìràwọ̀ tí àárín ṣóńṣó rẹ̀ kò jìn á parẹ́ mọ́ ọ lára, á sì di ọ̀pá róbótó. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Àárín àwọn ṣóńṣó yẹn ni churro ti ń rí àyè láti fẹ̀ bí ooru bá wọ inú rẹ̀, etí wọn tó tín-ín-rín ló sì ń gbẹ tó ń dún. Bí ara rẹ̀ bá dán yíká, èèpo á dì lẹ́ẹ̀kan náà níta, omi inú á di ooru, ooru á wá ọ̀nà kò ní rí, churro á sì bú gbàmù nínú òróró. Púpọ̀ churrera máa ń ní ẹnu róbótó pẹ̀lú ti ìràwọ̀ nínú páálí kan náà. Ẹ má ṣe fi ẹnu róbótó ṣe churro. Lẹ́yìn èyí, ẹ ti àwo inú rẹ̀ lọ bọ̀ lófìfo: ó gbọ́dọ̀ fara kan páìpù yíká, kí ó má sì mì. Bí àlàfo bá wà, àpòpọ̀ á gba ẹ̀yìn rẹ̀ padà sókè.

Ẹ̀rọ tó dára jù kò lè gba àpòpọ̀ tí a kò rò dáadáa là. Ìwọ̀n tó tó èèyàn mẹ́rin nìyí: ìyẹ̀fun gíráàmù 200, omi mílílítà 250, iyọ̀ gíráàmù 4. Ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ìlànà ife kan sí ife kan, tó wọ́pọ̀ ní ilé àwọn ará Sípéènì, ń tan ẹni tí kò mọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ, nítorí pé ìyẹ̀fun tí a kì mọ́lẹ̀ nínú ife àti èyí tí a dà sí i wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ kì í wúwo bákan náà. Ìyẹ̀fun lásán tí a fi ń ṣe ohun gbogbo ló dára. Ìyẹ̀fun alágbára tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún búrẹ́dì á jẹ́ kó máa fà bíi rọ́bà, á sì le láti tì. Ẹ sẹ́ ìyẹ̀fun náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé kókó tó bá wà níbẹ̀ á dí ẹnu onírawọ̀, á sì ya churro lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí omi àti iyọ̀ hó yaya. Ẹ da gbogbo ìyẹ̀fun sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ pa iná, kí ẹ sì rò ó bí ẹni ń rokà, títí tí yóò fi ṣù jọ tí kò sì ní sí ìyẹ̀fun gbígbẹ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ìṣẹ́jú kan tó. Híhó omi yẹn ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ooru tó bá ju 60°C lọ ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun mu omi, kó wú, kó sì di ohun tó ń ki láìfà. Omi tó ń hó, tó bá pàdé ìyẹ̀fun tútù, á já sí nǹkan bíi 80°C. Bí ẹ bá jẹ́ kí omi náà sọ̀kalẹ̀ dé 80°C kí ẹ tó pò ó, àpòpọ̀ kò ní ju 65°C lọ, àwo tútù á sì tún mú díẹ̀ nínú rẹ̀. Apá kan á jinná, apá kan á wà ní tútù. Ẹni tí churro rẹ̀ ń fún pọ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, tàbí tí inú rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ tí kò jinná, kó wo omi rẹ̀ kó tó bínú sí churrera.

Ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, títí ọwọ́ yóò fi lè gbà á. Ẹ má jẹ́ kó tutù pátápátá, torí pé bó bá ti tutù ló ń le sí i, ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn sì ń ṣẹ́ ọ̀pá churrera. Bí ẹ bá ń kó o sínú páìpù, ẹ ṣù ú bí ọ̀pá, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ẹyọ-ẹyọ, kí ẹ sì fi ìdí ṣíbí onígi gún un kí afẹ́fẹ́ jáde. Kí ẹ tó gé èyí àkọ́kọ́, ẹ lọ́ díẹ̀ jáde kí ẹ dá a padà sínú àwo. Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ á bá a lọ.

Òróró lítà kan nínú ìkòkò tó jìn, kó má kọjá ìdajì ìkòkò náà. Òróró ólífì tí kò ní òórùn líle ni ti àwọn ará àtijọ́. Òróró sunflower náà dára. 185 sí 190°C ni kó wà, tẹmómítà sì ṣe pàtàkì ju churrera olówó ńlá lọ. Bó bá wà nísàlẹ̀ 170°C, churro á mu òróró yó kí èèpo rẹ̀ tó dì. Bó bá kọjá 200°C, ìta á pọ́n kí inú tó jinná, èèpo tó yára le yẹn ló sì ń há ooru mọ́ inú. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kí ẹ dín lẹ́ẹ̀kan, torí pé èyí tó bá pọ̀ jù á fa ooru òróró wálẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí i padà, kí ẹ tún fún un ní ìwọ̀n kan náà. Kí ó pọ́n bíi wúrà, kí ó má ṣe dúdú.

Ọ̀rọ̀ bíbú gbàmù yẹn kì í ṣe eré. Ní 2004, ìwé ìròyìn kan ní Chile gbé ìlànà churro jáde, ó ní kí òróró wà ní 250°C. Churro bú mọ́ àwọn òǹkàwé lára, òróró sì jó wọn. Ní 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní orílẹ̀-èdè náà pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ tó ni ìwé ìròyìn ọ̀hún sanwó gbà-má-bìínú fún àwọn mẹ́tàlá tó fara pa. Nítorí náà, ẹ máa dín ẹyọ kan ṣáájú. Ẹ lo ẹ̀mú gígùn, ẹ dúró jìnnà díẹ̀, ẹ má sì tẹjú mọ́ inú ìkòkò. Bí ẹyọ àkọ́kọ́ bá wú ní ojú kan, tó yọ kókó jáde, ẹ dá ọwọ́ dúró: afẹ́fẹ́ ti há sínú páìpù, tàbí kí omi má ti hó. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ jáde kí ẹ tún un tẹ̀ wọlé.

Ibi tí churrera ilé ti ń jáni kulẹ̀, onírin tàbí oníke, ni porras, àbúrò churro tó sanra tí wọ́n fẹ́ràn ní Madrid. Ìyẹ̀fun gíráàmù 250, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mílílítà 320, iyọ̀ gíráàmù 5 àti bẹ́kìn sódà ìdajì ṣíbí tíì ni a fi ń pò ó, a ó sì bò ó fún wákàtí kan. Ara porra dán, kò ní ṣóńṣó, síbẹ̀ kì í bú bí churro róbótó ṣe ń bú, torí pé àpòpọ̀ rẹ̀ rọ̀, ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké sì kún inú rẹ̀. Ní churrería, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń dín churro tà, wọ́n máa ń tú u sínú òróró ní róbótó bí okùn tí a ká, wọ́n á fi igi gígùn méjì yí i padà, wọ́n á wá fi àlùmọ́gàjí gé e. Páìpù ilé kò gba àpòpọ̀ tó lè ká tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tán ní ìdajì. Àpòpọ̀ rírọ̀ náà tún ń jò jáde fúnra rẹ̀ lẹ́nu churrera tí a ń lọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Èyí nìkan ni ibi tí èyí tí a ń tì ti borí: ẹ yí ẹnu rẹ̀ sókè títí ẹ ó fi ṣe tán, ẹ wá tú u ní ọ̀pá kúkúrú.

Ṣúgà funfun ni wọ́n ń bù sí churro ní Sípéènì, kì í ṣe ṣúgà alóòórùn cinnamon. Ìyẹn wọ́pọ̀ ní Mẹ́síkò. Ohun tí wọ́n ń rì í bọ̀ ni ṣokoléètì tó ki. Bí ẹ bá ń ra ṣokoléètì, ẹ ka ara rẹ̀: èyí tí wọ́n kọ «chocolate a la taza» sí, ìyẹn ṣokoléètì mímu inú ife, gbọ́dọ̀ ní kòkó tó tó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, sítáàṣì inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 8 lọ, gẹ́gẹ́ bí òfin àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù. Èyí tí wọ́n kọ «familiar» mọ́ lè ní sítáàṣì tó tó 18, kòkó rẹ̀ sì lè kéré dé 30. Ó máa ń yára ki, ṣùgbọ́n adùn kòkó rẹ̀ kò tó. Gíráàmù 50 sí wàrà mílílítà 200 ló tó ife kan. Ẹ jẹ́ kó hó sókè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa rò ó. Láìhó, sítáàṣì inú rẹ̀ kò ní ki.

Fífọ̀ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dúró di ẹ̀yìn oúnjẹ. Àpòpọ̀ yìí ń gbẹ bíi gọ́ọ̀mù. Ẹ tú churrera palẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, kì í ṣe omi gbígbóná, torí pé gbígbóná á tún sè é mọ́ ọn lára. Búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ni kí ẹ fi fọ àárín àwọn ṣóńṣó. Bí alumíníọ́mù bá ni, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ ìfọwo. Á dúdú, dúdú náà á sì máa bọ́ sára churro. Òrùka rọ́bà tó yí àwo inú rẹ̀ ká ló ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lẹ́yìn gbogbo fífọ̀, ẹ má sì fi àwo náà sílẹ̀ nínú páìpù bí ẹ bá ń gbé e pamọ́, torí pé rọ́bà tó wà ní fífún pọ̀ fún oṣù mélòó kan kì í padà sí bó ṣe fẹ̀ tẹ́lẹ̀.